Bí àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ṣe lè rí ẹ̀kọ́ tí kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ ṣá

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, àroko bọ́dún o.

Ọ̀nà kan náà ló so Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn pọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 100 sì ni gbogbo rẹ̀. Ní ìkángun ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni LAUTECH wà, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, tó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti oko ìwádìí tirẹ̀. Bí ẹ bá gba Ọ̀yọ́ kọjá tí ẹ ń wọ Ìbàdàn lọ, kí ẹ tó dé Ọ̀jọ́ọ̀ ni ẹ ó kan IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí àwọn èèyàn ti ń wá láti gbogbo Áfíríkà kọ́ nípa ẹ̀gẹ́, iṣu, àgbàdo àti ẹ̀wà. Nínú Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn mìíràn tún wà bíi mélòó kan. Kò yẹ kí àgbẹ̀ tó ń gbé láàárín irú ilé ìmọ̀ báwọ̀nyí máa wo ilẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń ṣá lọ́dọọdún, kó sì gbà pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó dùn mí, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń wá. Nígbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀, bí àwọn bàbá wa bá ti dá oko sí ojú kan fún ọdún mélòó kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí igbó tún bò ó. Ewé á jábọ́, á jẹrà, ekòló á wọlé, ilẹ̀ á tún di ọlọ́ràá. Lónìí, ilé ti gba oko, ọmọ pọ̀ lórí ilẹ̀ kan, ta ló lè fi éékà méjì sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún? Ẹ̀kọ́ tí à ń wá ni bí a ṣe lè fún ilẹ̀ ní ohun tí ìsinmi yẹn máa ń fún un, ká sì máa jẹun lórí rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ náà wà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tó ń dà á rú ni pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ láìní ìbéèrè kankan lọ́wọ́. Wọ́n gba ìwé pélébé, wọ́n padà sílé, oko wà bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà yìí kò fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Inú oko yín ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ wá ìbéèrè yín nínú oko

Ẹ lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ kò ní iṣẹ́ míì ṣe níbẹ̀. Ẹ rìn ín já láti ìkángun dé ìkángun, kí ẹ máa wò. Ewé àgbàdo tó wà nísàlẹ̀, ṣé ó ń pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè láti ṣóńṣó, tí pípọ́n náà ń gba àárín ewé bọ̀ wá sí ìdí? Náítírójìn, ọ̀kan nínú oúnjẹ ohun ọ̀gbìn, ló ń wọ́n nílẹ̀ yẹn. Bí àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà bá ní àwọ̀ elésè àlùkò létí ewé, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni kò sábà tó. Ewé ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Bí ó bá lọ́, tó sún kì, tí àwọ̀ rẹ̀ pín sí àbùlà, apá kan ní àwọ̀ ewé, apá kan pọ́n, àrùn mòsáíkì ni. Igi ẹ̀gẹ́ tí a gé láti ara èyí tó ti ní àrùn tẹ́lẹ̀ àti àwọn eṣinṣin funfun kéékèèké abẹ́ ewé ló ń tàn án kiri. Ibi tí èékan bá ti ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí iná ti ń jó jù nígbà ọyẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wò. Ẹ wú ògúlùtu kan tó tó ẹyin adìyẹ láti àárín oko, kí ẹ wú òmíràn láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá oko sí nítòsí ibẹ̀. Ẹ sá méjèèjì kí wọ́n gbẹ dáadáa. Ẹ bu omi sínú ife gíláàsì méjì, kí ẹ rọra gbé ògúlùtu kọ̀ọ̀kan sínú tirẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì í. Èyí tó ṣì lọ́ràá á dì mọ́ra, omi rẹ̀ á mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Èyí tó ti ṣá á bẹ̀rẹ̀ sí í wó láti ẹ̀gbẹ́, kò sì ní í pẹ́ tí omi á fi di ẹrẹ̀. Ewé tó ti jẹrà, gbòǹgbò àti iṣẹ́ ekòló ló máa ń so ilẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá ti tán, ohun tí ẹ rí nínú ife yẹn ni òjò ńlá máa ń ṣe sí ebè yín: á tú u, á gbé èyí tó dára jù nínú rẹ̀ lọ sódò. (Ilẹ̀ tó bá jẹ́ kìkì yanrìn lè tú níbi méjèèjì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ ni kí ẹ gbára lé.)

Kí ẹ tó kúrò lóko, ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ kan bá yín kọ ọ́. "Ẹ kọ́ wa ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ìgbàlódé" kì í ṣe ìbéèrè. Ìbéèrè nìyí: "Oko mi wà ní Ìkòyí-Ilé, éékà mẹ́ta ni. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo síbẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ewé ìsàlẹ̀ àgbàdo ń pọ́n, ògúlùtu rẹ̀ sì tú nínú omi. Mi ò lówó ajílẹ̀ òyìnbó púpọ̀, àmọ́ ilé adìyẹ ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí ni mo lè ṣe?" Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ bu ilẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò

Bí owó yín kò bá ju ti ohun kan ṣoṣo lọ lọ́dún yìí, èyí ni kí ẹ fi ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ń da ajílẹ̀ sí ilẹ̀ tí ohun mìíràn ń dà láàmú. Bí a ṣe ń bu ilẹ̀ náà ló sì ṣe pàtàkì jù, torí bí ohun tí a gbé lọ bá ti burú, kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe.

Ẹ pín oko gẹ́gẹ́ bó ṣe rí: orí òkè lọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, àkùrọ̀ lọ́tọ̀, ibi tí ẹ ti gbin ẹ̀gẹ́ léraléra lọ́tọ̀ sí ibi tí ẹ ti gbin ẹ̀wà. Apá kọ̀ọ̀kan ló máa ní àpò tirẹ̀. Ní apá kan, ẹ rìn ní wọ́kọwọ̀kọ, kí ẹ dúró níbi 15 sí 20. Ẹ má ṣe gbẹ́ ojú ọ̀nà, abẹ́ igi ńlá, ẹ̀gbẹ́ òkìtì ọ̀gán, ojú ààrò àtijọ́ tàbí ibi tí wọ́n ti kó ìgbẹ́ ẹran jọ rí. Níbi tí ẹ bá dúró, ẹ gbá ewé orí ilẹ̀ kúrò, kí ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó ogún sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn bíi láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín. Ẹ fi àdá gé ẹ̀gbẹ́ ihò náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ jù ú sínú ike tó mọ́. Ike tàbí àpò tí ajílẹ̀ ti wọ̀ rí kò dára fún un, bí ẹ tiẹ̀ fọ̀ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá rìn ín tán, ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fọ́ ògúlùtu rẹ̀, ẹ ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá tó mọ́ nínú ilé kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Kó má ṣe rí oòrùn, kó má ṣe rí iná. Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, ẹ bu nǹkan bí ìdajì kìlógírámù sínú ọ̀rá. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ yín, abúlé yín, apá ibi tí ẹ ti bù ú, ọjọ́ tí ẹ bù ú àti ohun tí ẹ gbìn síbẹ̀ kẹ́yìn sórí bébà, kí ẹ fi bébà náà sínú ọ̀rá kejì tí ẹ ó fi bo ti àkọ́kọ́, kó má bàa tutù.

Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀gbìn àti ilẹ̀ ní LAUTECH ni ẹ lè kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. IAR&T, ilé ìwádìí àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, àti IITA ní Ìbàdàn náà ní yàrá àyẹ̀wò. Owó ni wọ́n ń gbà, nítorí náà ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ẹ ní kí wọ́n yẹ pH rẹ̀ wò, ìyẹn bí ilẹ̀ náà ṣe kan sí, àti ìwọ̀n ohun jíjẹrà inú rẹ̀, kí wọ́n sì wo náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ̀tásíọ́ọ̀mù. Bí pH bá wà láàárín 5.5 sí 7, ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn wa ni yóò ṣe dáadáa níbẹ̀. Nígbà tí èsì bá jáde, ẹ má kàn gba ìwé kí ẹ máa lọ. Ẹ bẹ ẹni tó fún yín pé kó sọ ọ́ ní Yorùbá: èwo ló kéré, kí ni mo lè rí nítòsí tí mo fi lè tọ́jú rẹ̀, ìwọ̀n wo ni kí n lò sí éékà kan?

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ lọ bá àwọn tó wà nítòsí

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní agbègbè mẹ́rin lábẹ́ ADP, ètò ìjọba fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀: Ìbàdàn pẹ̀lú Ìbàràpá, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí. OYSADEP, ìyẹn ADP ti ìpínlẹ̀ wa, ló ń rán olùkọ́ àgbẹ̀ lọ sí abúlé. OYSADA, àjọ ìpínlẹ̀ mìíràn, ní tirẹ̀ ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò àgbẹ̀ àti ibùdó Fáṣọlá tó wà lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì agbègbè yín pé ta ni olùkọ́ tó ni abúlé yín, kí ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Àwọn olùkọ́ yìí kò pọ̀, abúlé tí wọ́n ń bójú tó sì pọ̀, nítorí náà ẹ má jókòó retí wọn. Ẹ pè é báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àgbẹ̀ ni mí láti Ìkòyí-Ilé. A jẹ́ méjìlá tí ilẹ̀ wa ń ṣá, a sì ti kọ ìbéèrè wa sílẹ̀. Ọjọ́ wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn kí ẹ wá?" Méjìlá tó ní ìbéèrè lọ́wọ́ yá a láti wá bá ju ẹnì kan ṣoṣo lọ.

Ní LAUTECH, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá a máa wá oko tí yóò ti ṣèwádìí. Bí ẹ bá fẹ́ gbà wọ́n láàyè, àdéhùn kan ni kí ẹ bá wọn ṣe: kí wọ́n mú èsì padà wá, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ lóko. Àgbẹ̀ tó bá yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ sí ohun tí wọ́n bá rí lórí ilẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń lọ bá ní Ìbàdàn

Abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ó yẹ kéèyàn mọ ilé ìwádìí tí yóò kàn. CRIN, tó ti wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ láti 1964, ló ni ọ̀rọ̀ kaṣú, kòkó, obì, kọfí àti tíì. Ẹ̀yin olóko kaṣú Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí: ẹ béèrè ibi tí ẹ ti lè rí irúgbìn tó dára, bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka rẹ̀, àti ohun tí ẹ lè gbìn sáàárín rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. NIHORT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ló ni tòmátì, ata, ẹ̀fọ́, máńgòrò àti ọsàn. IAR&T tó wà ní Moor Plantation, lábẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ń ṣe àgbàdo, ewédú, oríṣi ẹ̀wà àti ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ilẹ̀ òun omi.

IITA ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí sóyà. Sóyà àti ẹ̀wà lè fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ wá sílẹ̀, àmọ́ àwọn ẹ̀dá tín-íntìn-ìntín kan tó ń gbé nínú gbòǹgbò wọn ló ń bá wọn ṣe é. Bí sóyà yín bá ti ń yọ òdòdó, ẹ fi ọkọ́ wú ìdí kan pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀, ẹ má fà á tu. Ẹ rọra fọ̀ ọ́ nínú omi. Ẹ ó rí kókó róbótóróbótó lára gbòǹgbò náà. Ẹ fi èékánná la kókó kan: bí inú rẹ̀ bá pupa, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá funfun tàbí tó rí wúrúwúrú, kò ṣe nǹkan kan fún ilẹ̀ yín. Ní IITA ni wọ́n ti ń ṣe NoduMax, lẹ́búlẹ́bú tí a ń pò mọ́ irúgbìn sóyà kí àwọn ẹ̀dá yẹn lè pọ̀. Ohun ẹlẹ́mìí ni, oòrùn ń pa á, nítorí náà ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó tẹ́ ẹ sínú oòrùn lọ́jà. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti lè béèrè nípa Aflasafe, tó ń lé èbu olóró jìnnà sí àgbàdo àti ẹ̀pà. Kìlógírámù mẹ́rin ni wọ́n ń fọ́n sí éékà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó.

Ẹ fóònù kí ẹ tó lọ, ẹ lọ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́, ẹ sì béèrè ẹ̀ka tó ń mú èsì ìwádìí dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Bí ẹ bá kàn dé ẹnu géètì láìmọ ẹni tí ẹ ń wá, ẹ lè padà lọ́wọ́ òfo.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ lo fóònù ọwọ́ yín

Ojú òpó Access Agriculture, accessagriculture.org, ni mo kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Fídíò tí àgbẹ̀ ń bá àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló kún ibẹ̀, láti Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti túmọ̀ wọn sí èdè púpọ̀. Ẹ yan Yorùbá nínú àwọn èdè tó wà níbẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ajílẹ̀ tí a fúnra wa pò, bí a ṣe ń fi koríko bo ilẹ̀, bí a ṣe ń tọ́jú irúgbìn. Ẹ wà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí dátà bá ti rọrùn, kí ẹ fi Xender tàbí mẹ́mórì káàdì pín in fún gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn tí wọ́n ń pè ní SAWBO náà ní àwòrán tó ń rìn, kúkúrú, lórí bí a ṣe ń fi kóró dóńgóyárò ṣe òògùn kòkòrò àti bí a ṣe ń kó ẹ̀wà sínú kẹ́ẹ̀gì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́.

Fún ẹ̀gẹ́, áàpù méjì wà. AKILIMO, tí IITA àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe, á bi yín ibi tí oko yín wà, iye tí ẹ ń ra ajílẹ̀ àti iye tí ẹ ń ta ẹ̀gẹ́, á wá sọ ohun tó mówó wọlé jù fún yín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó lè sọ fún yín pé kí ẹ má ra ajílẹ̀ kankan bí ọjà ẹ̀gẹ́ bá ti wálẹ̀ jù. Nuru ní tirẹ̀ ń wo ewé: ẹ gbé kámẹ́rà síwájú ewé ẹ̀gẹ́, á sọ bóyá mòsáíkì ni. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ bá ń lò ó lóko. Ẹni tí kò bá ka Òyìnbó, kí ó jẹ́ kí ọmọ tàbí ọmọọmọ bá a kà á.

Rédíò kò tíì kú. Amúlùdùn FM 99.1 ń sọ Yorùbá ní Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ ní Parrot FM, Gàm̀bàrí sì ní Ajílété FM ti ìjọba ìpínlẹ̀. Bí ètò àgbẹ̀ bá ń lọ, ẹ pè wọlé, kí ẹ gbé ìbéèrè tí ẹ kọ sílẹ̀ lóko kalẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ yẹ ohun tí ẹ gbọ́ wò dáadáa

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jẹ́ ẹ̀kọ́ ló jẹ́ ẹ̀kọ́. Àwọn kan ń polówó olómi inú ìgò tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo àrùn oko sàn. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ yín. Níbo ni wọ́n ti dán an wò, ṣé ilẹ̀ ọ̀dàn bíi tiwa ni, tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, àbí ilẹ̀ ẹgàn lọ́hùn-ún? Ìwọ̀n wo ni kí n lò sí éékà kan, ìgbà wo sì ni? Ṣé ẹni tó ń kọ́ mi náà ló ń tà á? Bí kò bá lè dáhùn èkejì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Òògùn apakoríko tí ẹ bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC. Paraquat tí ọ̀pọ̀ ṣì ń béèrè lọ́jà, NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2024, nítorí pé bó bá gba ẹnu wọlé, díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti gbẹ̀mí èèyàn, kò sì sí òògùn tó ń pa oró rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń kọ́ yín láti lò ó, ẹ má tẹ̀lé e. Ti irúgbìn, ẹ wo àmì NASC, àjọ ìjọba tó ń rí sí irúgbìn, lára àpò.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbìn ín sí ojú kékeré kan ná

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ di mú ju gbogbo ìyókù lọ. Àwọn ará ADP ní orúkọ fún un, wọ́n ń pè é ní SPAT: mítà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá, nínú oko yín fúnra yín. Ẹ ya irú rẹ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ní ibi tí ilẹ̀ ti rí bákan náà. Ọ̀kan ni ẹ ó ti ṣe ohun tuntun, èkejì ni ẹ ó ti ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí èkejì, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ló ṣiṣẹ́ àbí òjò ọdún náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìgbẹ́ adìyẹ ṣàpẹẹrẹ. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń jó irúgbìn. Ẹ kó o jọ sábẹ́ ibòji, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ bò ó, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà títí òórùn líle rẹ̀ yóò fi lọ. Bí a bá fẹ́ lo tọ́ọ̀nù márùn-ún sí hẹ́kítà kan, kìlógírámù 50 ló bọ́ sí ojú mítà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí ẹ tó gbin àgbàdo. Irúgbìn kan náà, ọjọ́ ìgbìn kan náà, àlàfo kan náà, sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín ìlà àti 25 láàárín ìdí, ìtúlẹ̀ kan náà. Ìgbẹ́ adìyẹ nìkan ni kó yàtọ̀. Nígbà ìkórè, ẹ fi ìlà etí sílẹ̀, àárín ni kí ẹ kó, kí ẹ sì fi kọ́ńgò kan náà wọn méjèèjì. Ẹ kọ owó ọkọ̀ tó gbé ìgbẹ́ wá àti owó ẹni tó kó o sílẹ̀ pẹ̀lú, torí ohun tó mú kọ́ńgò mẹ́ta wá lè jẹ owó kọ́ńgò mẹ́rin.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹ lè dán wò. Ẹ lè fi pàǹtí oko bo ilẹ̀ dípò kí ẹ sun ún. Ẹ lè gbin ẹ̀wà tàbí sóyà ní ọdún tó tẹ̀lé àgbàdo. Mùkúná, tó jẹ́ ìbátan wèrèpè àmọ́ tí kì í yún èèyàn, máa ń bo èékan mọ́lẹ̀ tí yóò fi kú. Nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Benin bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó gan-an nítorí èékan yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rá ilẹ̀ ni àwọn olùwádìí gbé e wá fún. Ti àgúnmánìyẹ̀ tí a ń gbìn ní ìlà sáàárín oko, tí IITA ṣiṣẹ́ lé lórí gidi, ilẹ̀ ń jàǹfààní rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ gígé ẹ̀ka rẹ̀ lóòrèkóòrè gba agbára, ìyẹn ló sì lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sá. Bí ẹ kò bá ní ọmọ iṣẹ́, ẹ má fi í bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ kọ́ ọ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Ní Indonéṣíà ni FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ inú oko ní 1989, pẹ̀lú àwọn tó ń gbin ìrẹsì. Àgbẹ̀ bíi 25 a máa pàdé nínú oko kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti ìgbìn dé ìkórè, wọ́n á wo irúgbìn, wọ́n á ka kòkòrò, wọ́n á wá jíròrò kí wọ́n tó pinnu bóyá òògùn yẹ tàbí kò yẹ. Àwa náà lè ṣe é láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ọjà wa ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ẹ mú ọjọ́ kejì ọjà, kí ẹ máa yí láti oko dé oko, kí ẹ wo ojú ìdánwò kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìyá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ló ń ṣe gàrí, àwọn ló mọ ẹ̀gẹ́ tó ń tètè jẹrà àti èyí tó lómi jù, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ní oko tiwọn. Ẹ bi wọ́n léèrè àsìkò tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn kí ẹ tó dá ìpàdé, kì í ṣe lẹ́yìn náà.

Ìwé kan ni kí ẹgbẹ́ ní, kí ọmọ kan tó mọ̀wé máa kọ ọ́: ọjọ́ òjò àkọ́kọ́, ọjọ́ ìgbìn, ohun tí a fi sí ilẹ̀, iye owó, iye kọ́ńgò. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ gbé ìwé náà lọ bá olùkọ́ ADP yín tàbí ẹni tí ẹ mọ̀ ní LAUTECH, kí ẹ fi hàn án ojú ibi tí ohun tuntun ti borí àti ibi tí kò ti borí, kí ẹ wá béèrè ohun tí ẹ lè dán wò tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, ẹ tún bu ilẹ̀ fún àyẹ̀wò láti apá oko kan náà, ní oṣù kan náà tí ẹ bù ú tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi èsì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìwé ẹgbẹ́.